Kí Ẹ Tó Kó Lọ Sọ́dọ̀ Ìyá Jouni

Tampere,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì.

Vuokko, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Jouni ọkọ rẹ, mo sì kí Helka ọmọ yín, ẹni tó ni ilé gan-an. Ṣé ara yín le? Ṣé ikọ́ tó ń da Helka láàmú ti fi í sílẹ̀? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òtútù ọdún yìí mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú yín. Ní tèmi, mo wà dáadáa, àfi orúnkún mi àti ọkàn mi. Orúnkún yóò san. Ti ọkàn ni mo jókòó kọ. Bí mo bá pè yín, gbogbo ilé lẹ máa ń jẹ́ kí ó gbọ́ ohùn mi, bẹ́ẹ̀ ìwọ ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ èyí.

Nígbà Kérésìmesì tí o sọ fún mi pé ẹ ó kúrò ní Turku ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ẹ ó sì lọ máa gbé ní abúlé Hietajoki lápá àríwá, nínú ilé tí arákùnrin bàbá Jouni fi sílẹ̀, mo ní, "Ó dáa." O mọ "ó dáa" tèmi. Kì í ṣe òtútù ló dùn mí. Ohun tí Helka sọ lórí oúnjẹ ni: "Màmá Àgbà Saimi á máa mú mi lọ síbi tí mo ti máa wọkọ̀ ilé-ìwé, lójoojúmọ́." Lójoojúmọ́! Èmi tí mo ń wọ ọkọ̀ ojú irin lẹ́ẹ̀kan lóṣù pẹ̀lú kéèkì lórí itan, kí n tó rí i. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Ìwọ náà wo ìyá rẹ bó ṣe sanra tó, kí o mọ̀ pé irọ́ ni.

Nígbà tí mo sọ fún yín ní oṣù tó kọjá pé mo fẹ́ lọ kí Saimi àna mi ní Hietajoki, inú yín dùn. Ẹ ò mọ̀ pé àléébù ni mo ń lọ wá. Mo sì rí i, ó pọ̀ bí iyanrìn. Bí òtútù bá ti mú lápá ibẹ̀, òòrùn kì í yọ rárá; kò yọ ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, ojú ọ̀run kàn ní àwọ̀ omi aró ni, lẹ́yìn náà ilẹ̀ tún ṣú. Ilé ìtajà tó sún mọ́ wọn jù, ó tó wákàtí kan pẹ̀lú mọ́tò, mọ́tò náà kò sì ní jí láàárọ̀ bí ẹ ò bá ti so ó mọ́ iná bí ẹni ń ṣaájì fóònù. Wọ́n ti ti ilé-ìwé abúlé pa nítorí ọmọ kò sí, ọkọ̀ ló ń kó ìwọ̀nba tó kù lọ sí ìlú mìíràn. Aboyún tó bá ń retí, ó ní láti lọ dúró nítòsí ilé ìwòsàn kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, torí ọ̀nà jìn. Igi tí ẹ ó sì fi dáná lọ́dún tó ń bọ̀, ó yẹ kí ó ti máa gbẹ báyìí. Jouni wo ni yóò la igi? Jouni tó ń pe ènìyàn wá gbé àwòrán kọ́ ògiri?

Saimi fúnra rẹ̀ ló wá pàdé mi níbi tí ọkọ̀ ń dúró. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ìyá Vuokko, ẹ kú ewu ọ̀nà o. Bàtà yìí lẹ wọ̀ wá? Ṣé ijó la fẹ́ jó ni?" Ọbẹ̀ ẹja rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Mo lá àwo, mo wá ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Àwòrán tí Helka yà bo gbogbo ara fìríìjì rẹ̀. Mẹ́ta péré ló wà lára tèmi.

Lọ́jọ́ kẹta, a lọ wo ilé tí ẹ fẹ́ kó sí. A ò tí ì wò ó tán tí ìjì fi dé. Yìnyín dí ojú ọ̀nà pa, iná mànàmáná lọ, gbogbo ilé náà sì tutù, torí iná yẹn ló ń mú un gbóná. Ààrò kan ṣoṣo ló wà. Mo ń gbé igi wọlé, Saimi ń dáná. Èéfín kọ̀, kò gòkè, ó yíjú padà sí wa, omi ń dà lójú wa bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ìgbà tí iná wá jó, abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kan náà ni èmi àti obìnrin yìí jókòó sí.

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní, "Ìyá Jouni, inú yín á mà dùn o. Ẹ gba ọmọ mi, ẹ tún gba ọmọ ọmọ mi."

Ó yíjú sí mi. "Kí ni mo gbà? Ẹ̀yin tí ọmọ yẹn ń fi orúkọ yín jẹun? Bí mo bá ṣe búrẹ́dì, 'Màmá Àgbà Maire kì í ṣe é báyìí.' Bí mo bá kọrin, 'Ti Màmá Àgbà Maire ló dùn jù.' Láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni mo ti ń jowú yín, ìyá yìí. Ẹ jẹ́ n sinmi, ẹ jọ̀ọ́."

Vuokko, ara mi yá ju bí iná ṣe lè mú un yá lọ. Mo ní, "Kí ló ní ó ṣe búrẹ́dì yín?"

Ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń kúrò ní Hietajoki. Kí ọdún tó kọjá tó parí, ó yọ̀ ṣubú níbi tó ń kó igi sí, kò lè dìde. Orí yìnyín ló wà títí awakọ̀ tó ń gbá yìnyín kúrò lójú ọ̀nà fi rí i. Ó ti bá wọn sọ̀rọ̀ nípa yàrá kan ní ìlú Rovaniemi, nínú ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àgbàlagbà. "Bí mo bá sọ fún Jouni," ó ní, "yóò sáré wá nítorí mi. Bí mi ò bá sọ, wọn á dé, wọn á bá ilẹ̀kùn mi ní títì. Èwo ni kí n ṣe?" Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé èmi nìkan ni mo ti ń gbé igi láti àárọ̀.

Ohun tí mo ń wá náà nìyẹn: kí Saimi má sí lójú ọ̀nà ọkọ̀ ilé-ìwé. Ó bọ́ sí mi lọ́wọ́, n kò lè gbé e mì. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tutù. Ó ní, "Ẹ bá mi kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹnu yín ló mú jù nínú àwa méjèèjì."

Nítorí náà, bi ọkọ rẹ léèrè: ṣé ilẹ̀ yẹn ló wù ú, àbí ìyá rẹ̀? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan lẹ mọ̀ níbẹ̀, tí òòrùn kì í wọ̀, tí ẹ ń já èso inú igbó jẹ. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹ lọ gbé ibẹ̀ nígbà òkùnkùn fún oṣù kan. Bí ó bá ṣì wù yín, láìsí ẹni tó ń dúró dè yín, ẹ lọ, mi ò ní sunkún lójú yín. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ Saimi lẹ ń tọ̀ lọ, Saimi ti ń di ẹrù.

Ó ku ìròyìn kan. Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀, ẹnu mi ṣáà ṣí, mo ní, "Ẹ ò mọ ẹnì kankan ní Rovaniemi. Yàrá kan ṣófo nínú ilé wa ní Tampere, ìsàlẹ̀ mi gan-an, ẹ ò ní gun àtẹ̀gùn kankan."

Ó wò mí títí. "Kí ẹ lè máa ṣọ́ mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kí n lè mọ iye ìgbà tí Helka ń wọlé tọ̀ yín."

Ẹ̀rín pa á débi tí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Kò ní òun ń bọ̀, kò ní òun ò bọ̀. Àmọ́ ó pè mí lánàá, ó bi mí bóyá fèrèsé yàrá náà kọjú sí òòrùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Tèmi kò kọjú sí i.

Kí Ọlọ́run fi ẹsẹ̀ yín lé ibi tó dúró. Kí iná ilé yín má kú, kí ẹ má sì fi ojú sunkún ohun tí ẹ fi ọwọ́ yín yàn.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò sí èkejì rẹ̀,

Maire.

Mo tún rántí: Saimi fi ìbọ̀sẹ̀ tó hun fún Helka rán mi. Ó dára ju èyí tí mo hun lọ. Méjèèjì wà nínú àpò yìí. Jẹ́ kí ó wọ èyí tó bá wù ú, ṣùgbọ́n má sọ fún mi.