Aago Iyanrìn Orí Àga Ìwàásù

Massachusetts, 1652

Ìyá mi,

Ara mi le koko, ẹ má mikàn. Ìwàásù mi ti ń gùn sí i. Bí iyanrìn inú aago bá ti jò tán, tí wákàtí kan pé, mo máa ń yí i padà kó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yí i. Lẹ́nu ọ̀nà, Díákónì Obadáyà ní, "Àlùfáà, òtútù ti fẹ́ pa wá! Ṣé ẹ ò nílé ni?"

Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Ìborùn tí ẹ hun fún Tabita ìyàwó mi ti dé. Mo tẹ́ ẹ sórí àga rẹ̀ nídìí iná, kí àga náà má baà ṣófo.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tí ẹ ní ẹ ń hun, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà mọ́.

Èmi ọmọ yín,
Jósáyà