Ẹ Jẹ́ Kí Ilẹ̀ Fara Balẹ̀

Mọ́ńdè, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà 2025
Símẹ́ńtì — bí mo ṣe ń pe Hameed tó ń kọ́lé — wá bá èmi lọ́yà ẹ̀ ní ọ́fíìsì, ojú ẹ̀ ti fà ro. Ilé tó kọ́ fún Ìyá Nusaiba ní ìlú Sugar Land níbí ti sán láti ìpìlẹ̀ dé àjà. Ilẹ̀kùn bááfù ò ṣí mọ́, gáréèjì ni opó arúgbó náà ti ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Bí wọn ò bá pẹjọ́ kí oṣù yìí tó parí, ọdún mẹ́rin tí òfin fún wọn láti ọjọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ti pé. Ẹjọ́ kú nìyẹn.

Mo ní kó lọ dọ̀bálẹ̀. Kó má gbà pé òun jẹ̀bi o. Kó ṣáà dọ̀bálẹ̀, kó ní ẹ jẹ́ kí ooru lọ, kí ilẹ̀ fara balẹ̀, òun á tún un ṣe.

Òun ló kọ́ tèmi náà. Ògiri lèmi àti Ìyá fi pààlà, oṣù kan náà ló kó kọ́kọ́rọ́ fún wa. Tèmi ò sán. Ó mọ ẹni tó ń kọ́lé fún.

Jímọ̀, 12 Sẹ̀tẹ́ńbà
Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí pè wá jọ lẹ́yìn ìrun. Símẹ́ńtì na gbalaja, ó tún ń sunkún. Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n ṣe. Nusaiba ní kí ìyá òun wá lọ́yà. Ìyá ní kó panu mọ́, ṣé bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tó dọ̀bálẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn?

Mo fẹ́ràn ìyá yìí.

Túsìdeè, 23 Sẹ̀tẹ́ńbà
Ìyá gbé mọ́ínmọ́ín wá. Wọ́n mọ̀ pé lọ́yà Símẹ́ńtì ni mí, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọmọ àwọn náà ni mí. Ṣé kí àwọn lọ kóòtù? Mo ní ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Wọ́n ṣàdúrà fún mi títí wọ́n fi jáde.

Mọ́ínmọ́ín náà dùn.

Wẹ́sìdeè, 1 Ọkitóbà
Ó parí.

Sátidé, 4 Ọkitóbà
Ìyá pè. Símẹ́ńtì ò gbé fóònù wọn mọ́. Mo ní kò sí nǹkan tí kóòtù lè ṣe mọ́, ọjọ́ ti lọ. Wọ́n ní Ọlọ́run á jẹ́ kí n jèrè iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo ní àmín.

Sọ́ńdè, 19 Ọkitóbà
Misturah ìyàwó mi ní ilẹ̀kùn yàrá wa ò ṣeé tì mọ́. Mo gbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri. Ó ti sán, ọwọ́ mi wọ inú ẹ̀.

Mo pe Símẹ́ńtì pẹ̀lú ìbínú. Ó dé kíá. Kò tíì bọ́ bàtà tó ti na gbalaja sí pálọ̀ mi. Kò gbà pé òun jẹ̀bi. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ fara balẹ̀.