Agbádá Tí Mo Gbé sí Fesibúkù

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìbàdàn níbẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa ní Ọ̀fà ń kí yín, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín ní àlọ àti àbọ̀. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ẹ pé ẹsẹ̀ tó ń dun òun ti fúyẹ́. Òjò ti rọ̀, àgbàdo ti hù, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀, Tàjùdéèn ló sì fà á.

O rántí Tàjùdéèn tí mo kọ́ ní iṣẹ́ télọ̀, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní òdìkejì títì báyìí, ó ń gbé fọ́tò aṣọ tó bá rán sí Fesibúkù, àwọn èèyàn ń gun ọ̀kadà láti Ìjàgbò àti Ìlemọnà wá bá a, wọ́n á kọjá níwájú máṣíìnì mi bí ẹni pé igi ni mí. Wọ́n ní ó ní fọ́lówà ẹgbẹ̀rún méjì. Mo jáde wo ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó ń lọ sí mọ́sáláṣí, mi ò rí ẹni tó tẹ̀ lé e àfi ewúrẹ́ kan. Mo tún rí àtàńpàkò lábẹ́ fọ́tò rẹ̀, mo ní àwọn tí kò mọ̀wé ló ń tẹ̀ka, bíi ti ìdìbò. Síbẹ̀ ìlara ń ta mí nínú bí ata.

Ni mo bá mú fóònù tí o rà fún mi, mo wá agbádá kan lójú ìwé Tàjùdéèn, mo gbé e sí tèmi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo rán an. Mo gé orí oníbàárà tó wọ agbádá náà kúrò nínú fọ́tò kí wọ́n má baà dá a mọ̀. Àṣé orúkọ Tàjùdéèn wà gàdàgbà lára pátákó ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn ọkùnrin náà! Kílẹ̀ tó ṣú, Alhaji Abdulganiyu tó ni agbádá ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ara òun nìyẹn, ta ló bẹ́ òun lórí? Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí dé Ìlọrin. Mo pa fóònù, mo tì í mọ́nú àpótí, mo rò pé fọ́tò náà á kú nínú fóònù àwọn yòókù, kò kú. Ọlánípẹ̀kun tó kó aṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ fún mi wá gbà á padà láìrán, ó ní òun ò mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun.

Mo fi ìtìjú sọdá títì. Mo rò pé Tàjùdéèn á bú mi, àmọ́ ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, ẹ yọ fọ́tò yẹn, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn, kí ẹ máa gbé iṣẹ́ tiyín síta bó ti wù kó kéré mọ. Inúure yẹn bí mi nínú ju èébú lọ. Mo ṣe bó ti wí, mo kọ ọ́ pé Tàjùdéèn ló rán agbádá, ìlara ló mú mi purọ́, mo wá gbé ṣòkòtò kan tí mo rán síbẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, obìnrin kan kó aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Ẹ̀rìn-Ilé, ó ní gbogbo télọ̀ tí òun ti bá pàdé ló ń jí lára aṣọ òun, èmi nìkan lòun gbọ́ tó jẹ́wọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó dátà ránṣẹ́, kó pọ̀ díẹ̀ ju ti Tàjùdéèn lọ. Ẹlòmíràn ò ní wọ aṣọ ire tí Ọlọ́run wọ̀n fún ẹ. Àmín.

Bàbá rẹ,
Ìdrís Télọ̀