Mo Gbé Ohùn Wá Bá Abẹ́rẹ́ Rédíò Yín

Bàbá mi, ọkọ Màámi,

Èmi ni. Ẹ má wo ìkọ̀wé mi, ẹ ṣáà mọ̀ pé èmi àti ìwé kì í ṣọ̀rẹ́. Àmọ́ kò sọ́mọ tó mú bíi tèmi ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó báyìí o. Mo ti ní iléeṣẹ́ rédíò! Orí òrùlé wa ló wà, inú ike áísìkírímù ni mo kó o sí. Kò dún kọjá àgbàlá wa, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ni.

Ẹ̀yin lẹ fà á. Látìgbà tẹ́ ẹ ti lọ, Màámi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan rédíò yín. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ ṣì wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Iléeṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ti kógbá wọlé, kìkì ṣíí ṣíí ló ń ṣe, síbẹ̀ Màámi á jókòó tì í títí wọ́n á fi sùn. Ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n lè jáde lọ gbọ́ wáàsí mọ́. Mo ní kò burú: tá ò bá lè yí abẹ́rẹ́, ká gbé ohùn wá bá a níbẹ̀. Wáàsí Ààfáà mọ́ṣáláṣí wa ni mò ń tinú fóònù mi rán sí i.

Iná nìjàngbọ̀n. Tí wọ́n bá ti mú un lọ, Ààfáà á dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Mo bá kó bátìrì fóònù àlòkù jọ. Ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe máa ń to bátìrì tọ́ọ̀ṣì sórí páànù kóòrùn lè jí wọn? Mo ṣe bíi tiyín gẹ́lẹ́. Háà! Gbogbo ẹ̀ wú bíi pọ́fùpọ́ọ̀fù. Ìyá Sikírá tó ń gbé nísàlẹ̀ figbe ta: "Ìwọ olórí líle yìí, ṣé bàbá ẹ ló ní kó o kó wa wá bá òun ni?"

Ṣé tiyín ò wú rí ni?

Bátìrì ọ̀kadà ni mò ń lò báyìí. Sólà ló ń jẹ oòrùn, bátìrì wà lábẹ́ agboòrùn yín tírin ẹ̀ kan ti dá. Ààfáà ò dákẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ tí Ààfáà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú rédíò yín, mo gbáyà sókè lẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí oríkì. Màámi ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n fọwọ́ pa rédíò lórí, wọ́n ní, "Ṣó o rí i? Bàbá ẹ mọ ìdí tí wọ́n fi fi abẹ́rẹ́ ẹ̀ síbẹ̀."

Èmi tí mo máa ń polówó ara mi dé Tinúbú, mi ò fọhùn. Ṣé kí n sọ fún wọn ni, Bàbá?

Ẹ ṣáà gba ìyìn yẹn.

Èmi ni, aláriwo ọmọ yín, tó ń bá yín tọ́jú agboòrùn.