Ìkíni tí Míìsì Elizabeth kí mi

Kábà,
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 1956.

Adétutù ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Ṣé ara yín le ní Kàdúná níbẹ̀, ìwọ, Benjamin ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ? Èmi wà láyé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ńlá ló mú mi kọ ìwé yìí.

O rántí Míìsì Elizabeth, nọ́ọ̀sì òyìnbó tí mo ń kọ́ ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ kún orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tó ń bá èyí rìn. Yóò ní òun wọ gèlè, òun wọ fìlà, bí ẹni pé ẹ̀wù ni gbogbo wọn. Nígbà tí Bàbá Lájídé ti oko dé, "Ẹ kú ewu ọmọ" ló fi pàdé wọn. Bàbá dáhùn pé, "Okun, ọmọ mi. Ọkùnrin ni." Mo rẹ́rìn-ín títí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ fún un: dé fìlà, wé gèlè, ró ìró. Mo kọ́ ọ ní ìkíni pẹ̀lú, ti ayọ̀ àti ti ọ̀fọ̀. Mo sọ fún un pé níbí, a kì í dédé sọ fún ènìyàn pé ẹni rẹ̀ kú.

O mọ̀ pé ibà gbé ìyá mi dé ọsibítù tí Míìsì ti ń ṣiṣẹ́. Ara wọn ti ń yá. Dókítà ní wọn á wálé ní Sátidé, ni mo bá sáré wálé láàárọ̀ láti gbá yàrá wọn. Ibi tí mo ti ń gbálẹ̀ ni Míìsì gun kẹ̀kẹ́ bá mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá."

Adétutù, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Rárá o, Míìsì. 'Ẹ kú iṣẹ́' là ń kí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ẹ tún un kí." Ó wò mí. Ó tún un sọ, díẹ̀díẹ̀, láìṣì: "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọjọ́ jìnnà síra." Mo ti la ẹnu láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó rí i pé omi ń dà lójú rẹ̀. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Kò pẹ́ tí mo jáde ní ọsibítù ni ìyá mi dákẹ́. A ti sin wọ́n, síbẹ̀ kò tíì yé mi. Àwọn àgbà ilé wa ń bínú pé àlejò ló túfọ̀ fún mi. Èmi kò lè bínú sí i. Èmi ni mo kọ́ ọ, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sì bára mu.

Kí Olúwa dá ìyá tìrẹ sí fún ọ. Òjijì kò ní í bá ilé yín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Rachel Ọmọ́yẹlé.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan: Samuel àbúrò mi, tó ń gbé ládùúgbò yín, kò tíì gbọ́. Àwọn àgbà ti ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀, pé ìyá ń béèrè rẹ̀. Bí o bá pàdé rẹ̀ kó tó wọkọ̀, jọ̀ọ́, kí i bí o ti máa ń kí i.