Ẹ̀bẹ̀ Pé Kí Wọ́n Ti Àpáta Ẹja Nígbà Tí Ẹyin Wà Nínú Ẹja

Ilé Láwàl,
Ẹ̀yìn Àgbàlá Àwọn Tó Ń Yan Ẹja,
Nyékonakpoè,
Lomé.

Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 1936.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Dáàbò Bo Ẹja Etíkun,
Lomé.

Nípasẹ̀ Mùsíọ̀ Honoré, Ògbufọ̀.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ FAGI LÉ ÒFIN TÓ TI ÀPÁTA ẸJA, KÍ Ẹ KÀN YÍ OṢÙ RẸ̀ PADÀ

1. Èmi, Àmúsà Láwàl, ni olórí gbogbo apẹja láti wáfù, èbúté ọkọ̀ Lomé, títí dé Àgbódráfò. Ọ̀ọ́dúnrún ọkọ̀ ló wà lẹ́yìn mi. Bí mo bá wúkọ́ pẹ́nrẹ́n, gbogbo wọn á ká àwọ̀n. Mo lè wà lábẹ́ omi láti ìrun àárọ̀ títí di ìrun ọ̀sán láìmí ẹ̀ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí ni mo sọ̀ kalẹ̀ sórí àpáta tí lẹ́tà yìí dá lé, mo sì fi ojú ara mi ka ẹja ẹgbàá mẹ́fà ó lé mẹ́tàdínlógún níbẹ̀. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn yẹpẹrẹ ló ń kọ̀wé sí yín.

2. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá nítorí pé Faransé mi kò kọjá ti ọjà. Mo lè fi ná ọjà, mo lè fi bú ènìyàn, ṣùgbọ́n n kò lè fi bẹ̀bẹ̀. Mùsíọ̀ Honoré, ògbufọ̀ yín, tó jẹ́ ọmọ Atakpamé, gbọ́ èdè wa dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ bí a bá kí i lójú pópó. Mùsíọ̀ Honoré, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá dé ìpínrọ̀ kẹfà tí orúkọ yín wà níbẹ̀, ẹ má fò ó.

3. Àpáta tí mò ń wí wà lábẹ́ omi ní apá ìlà-oòrùn wáfù. Kò jìn, bí àgbàlagbà mẹ́rin bá gun èjìká ara wọn, orí ẹni tó wà lókè á yọ síta. Ibẹ̀ ni ẹja pupa ńlá ń gbé, èyí tó fẹ́ràn ihò òkúta bí eku ilé ṣe fẹ́ràn àjà. Ẹja yìí ni àwọn obìnrin àgbàlá wa ń yan. Ìyá mi àgbà, Àṣàkẹ́, tí mò ń pè ní Màmá, ni àgbà wọn. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti bá ọkọ rẹ̀ wá sí Lomé nígbà tí ìlú yìí ṣì wà lọ́wọ́ àwọn Jámánì, kò sì ṣe iṣẹ́ mìíràn láti ìgbà náà. Ààrò mẹ́sàn-án ló ní. Èmi ni mò ń bá a la inú ẹja, gẹ́gẹ́ bí olórí tí kì í gbéraga. Èmi náà sì ni àwọn apẹja máa ń jù sómi bí àwọ̀n wọn bá há sí òkúta.

4. Ní ọdún 1934, ẹ kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pẹja lórí àpáta náà láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án, kí ẹja lè bí sí i. Inú àgbàlá wa dùn, nítorí pé ẹja ti ń dín. Innocent, ọmọ ẹ̀yà Mina tí mo máa ń bá ọkọ̀ rẹ̀ lọ, tí mò ń pè ní Fòfó bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n, ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé òun gbà. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó nawọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́ta yẹn ni òkun ń bínú jù lọ. Omi á tutù, ìgbì á ga bí òrùlé, ọkọ̀ tó bá sún mọ́ àpáta, igi ìdáná ni yóò padà dé. Kò sẹ́ni tó ń lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ó dà bí ìgbà tí ẹ bá ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má sá aṣọ nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Ọdún mẹ́ta ni a fi pa òfin náà mọ́ láìsí wàhálà kankan.

5. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí a ṣe mọ oṣù tó yẹ. Ní àgbàlá wa, ẹyin inú ẹja kì í ṣe ti ẹni tó ra ẹja. Ti ẹni tó la inú rẹ̀ ni. Bí a ṣe bá a nìyẹn, olówó kì í bá ọmọ tó ń la ẹja jà nítorí rẹ̀. Ẹni tó bá là á á fi iyọ̀ àti ata sí i, á fi ewé dì í, á tì í bọ eérú gbígbóná. Nítorí náà kò sí ọmọ kan ládùúgbò yẹn tí kò mọ ìgbà tí ẹja ń lóyún. Ikùn wa ló ń sọ fún wa. Láti ìgbà tí ọyẹ́ bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ nínú oṣù Kejì, títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi wọlé nínú oṣù Kẹrin, bí ẹ bá la ẹja pupa mẹ́wàá, méje á ní ẹyin. Nínú oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, àwọn díẹ̀ tó bá ti ibòmíràn wá sọ́wọ́ wa, inú gbogbo wọn á gbẹ bí àpò ọmọ iléèwé. Ìgbà tí wọ́n lóyún yìí gan-an ni wọ́n ń kó ara wọn jọ sórí àpáta, ìgbà náà ni òkun sì ń dákẹ́ bí omi inú àwo. Àwọ̀n kan ṣoṣo lè kó ìyá, bàbá àti àna. Ìgbà náà ni ẹ ṣí ibẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Èmi náà jẹ nínú ẹyin yẹn, n kò ní sẹ́. Ẹja tó lè kún òkun kan ni mo ti jẹ kí wọ́n tó ní ojú.

6. Nínú oṣù Kẹta ọdún yìí, ìyá mi àgbà wọ aṣọ ọdún rẹ̀, ó la ẹja pupa kan, ó gbé e sínú igbá pẹ̀lú ẹyin rẹ̀, ó ní kí n tẹ̀lé òun wá sí bírò yín, ọ́fíìsì Ìgbìmọ̀. Àárọ̀ la dé. Gáàdì ní kí a jókòó dúró. Àwa dúró, ṣùgbọ́n ẹja kì í dúró. Nígbà tí ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja máa fi jáde lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo eṣinṣin Lomé ti wá bá wa ṣe ẹlẹ́rìí. Ó fi áńkáṣífù bo imú. Màmá kúnlẹ̀ kí i, ó ṣí igbá, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ oṣù àti ẹyin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àlàyé náà gùn, ó sì dára ju èyí tí mo kọ yìí lọ. Mùsíọ̀ Honoré, gbólóhùn kan péré lẹ fi sọ gbogbo rẹ̀ ní Faransé, Faransé ọjà tèmi sì tó láti gbọ́ ọ. Ẹ ní ìyá arúgbó yìí fẹ́ ta ẹja fún ọ̀gá. Ọ̀gá ní òun kì í ra ẹja tó ti ń rùn, ó sì wọlé.

Níta, Màmá ń palẹ̀ igbá rẹ̀ mọ́, ẹ̀yin ògbufọ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ tí n kò gbàgbé: "Ọ̀gá yẹn fúnra rẹ̀ ló kọ oṣù yẹn sínú òfin, Àmúsà. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é létíkun ìlú òun nìyẹn. Ọmọ mẹ́rin ni mò ń fi iṣẹ́ yìí bọ́." Mùsíọ̀ Honoré, n kò bínú sí yín mọ́. Nígbà tí a fi máa dé Nyékonakpoè, Màmá bi mí pé ṣé ògbufọ̀ sọ ọ́ bí òun ṣe wí i. Mo ní ó sọ ọ́. Ó bi mí pé kí ni ọ̀gá wí. Mo ní wọ́n ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò. Láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, ló ti ń sọ fún àwọn obìnrin àgbàlá pé kí wọ́n ní sùúrù, pé bírò ń gbé e yẹ̀ wò. Mo ti purọ́ púpọ̀ láyé mi, èyí nìkan ni kò jẹ́ kí n lè jẹun lójú rẹ̀. Lẹ́tà yìí ni mo fi fẹ́ sọ ọ́ di òótọ́.

7. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni a rí ìwé ìkéde yín lára ògiri ọjà ẹja, pé Ìgbìmọ̀ yóò jókòó ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí láti fagi lé òfin náà pátápátá, nítorí pé àwọn tí ẹ rán lọ wo àpáta rí i pé ẹja kò pọ̀ sí i lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ohun tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́. Ẹja kò pọ̀ sí i rárá, ńṣe ló dín. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ pé títì ni kò wúlò. Nínú oṣù Kejì ọdún tó kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan láti wáfù rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta náà, wọ́n sì lé gbogbo ọkọ̀ apẹja kúrò níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí wọ́n lè rí ẹrù yọ. Kò sẹ́ni tó ro ti ẹja nígbà náà. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún yìí, mo mòòkùn lọ síbẹ̀ láti tú àwọ̀n Innocent, mo sì bá ọmọ ẹja pupa níbẹ̀, wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi rí òkúta tí àwọ̀n há sí. Mo jáde, mo ní ẹfọ̀n òkun ló wà nísàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré nìyẹn, nínú oṣù tó yẹ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kí oṣù Kẹrin tó parí, àwọ̀n ti kó wọn tán, nítorí pé ibẹ̀ wà ní ṣíṣí.

8. N kò ní fi pamọ́ pé àwọn apẹja kò fẹ́ ohun tí mò ń béèrè. Oṣù tí mò ń sọ yìí ni wọ́n fi ń wá oúnjẹ gbogbo ọdún. Mo sọ ọ́ fún Innocent pé kí a ti àpáta nìkan, kí ibi oníyanrìn yòókù wà ní ṣíṣí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré. Kò bínú. Ó ń rán àwọ̀n lọ, ó ní: "Àmúsà, ẹja fẹ́ bímọ, èmi ti bí tèmi. Èwo nínú wọn ni kí n fún lóúnjẹ?" Ó ní bí mo bá kọ lẹ́tà yìí, òun kò ní gbé mi sínú ọkọ̀ òun mọ́. Ó gbọ́ ní ọjọ́ Ajé pé mo ti ra bébà. Kò gbé mi láti ọjọ́ náà.

9. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹ tó fagi lé òfin náà, ẹ fún un ní ọdún kan ṣoṣo, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, lórí àpáta yẹn nìkan. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ rán ẹnikẹ́ni wá sí àgbàlá wa nígbà náà, kí ó jókòó ti Màmá, kí ó sì ka inú ẹja bí ó ṣe ń là á. Ẹ fún àwọn apẹja ní nǹkan tí wọ́n á fi la ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà já, nítorí pé ọ̀rọ̀ Innocent kò kúrò létí mi. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fọwọ́ sí ìwé náà kí èyí tó dé ọ̀dọ̀ yín. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé ọwọ́ ẹni tó kọ oṣù tó wà nínú òfin ló ṣeé ṣe kí lẹ́tà yìí bọ́ sí. Nínú ààrò mẹ́sàn-án, méjì ló ń rú èéfín báyìí; òjò ti wó mẹ́ta, Màmá kò sì tún wọn mọ. Ó ní òun ń retí bírò.

10. Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, bí ẹ bá kà á. Ó ku ohun kan kí n tó fọwọ́ sí i. Èmi kọ́ ni olórí apẹja. N kò ní ọkọ̀ kan, ká má tíì sọ ọ̀ọ́dúnrún. Bí mo bá ka oókan dé àádọ́rin lábẹ́ omi, etí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ṣùgbọ́n mo lọ sórí àpáta ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí, ìyẹn kì í ṣe irọ́. Mo mòòkùn lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Mo ti ojú bọ gbogbo ihò tí mo mọ̀ láti kékeré. Mo rò pé bí mo bá kọ iye tí mo rí, ẹ ó ní ibẹ̀ ti parí, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Mo tún wá rò ó pé bí mo bá bù mọ́ ọn, ẹ ó ní ẹja ṣì pọ̀, kí ló dé tí a ó fi ti ibẹ̀. N kò mọ èyí tó lè gbà wá nínú méjèèjì, nítorí náà ẹ gba òótọ́ rẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ni mo rí. Ẹgbàá mẹ́fà yẹn ni mo fi kún un.

Èmi ni tiyín, tí kò sẹ́nì kan lẹ́yìn rẹ̀,

Àmúsà Láwàl,
Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún,
Ẹni tó ń la inú ẹja.