Okùn Àgọ́ Bàbá Mi Tó Kọjá Ààlà

Ilé Kejìlá, Àjà Kejì,
Òpópónà Ilé Ìkàwé.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ibùdó Ìpàgọ́,
Etí Adágún.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ OKÙN ÀGỌ́ WA LÈ NÀ DÉ ÀYÈ TÓ ṢÓFO

Mo fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kọ ìwé yìí nípa àgọ́ káńfáàsì tí ẹ̀ṣọ́ yín ní ká tú ní Àyè Kejìdínlógún, lọ́sàn-án Àbámẹ́ta tó kọjá. Okùn rẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà méjì kọjá ààlà. Òótọ́ ni. Mi ò wá jiyàn.

Bàbá mi ló yan àgọ́ náà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi rán ìbòrí ọkọ̀ akẹ́rù àti àgọ́ fún ẹni ẹlẹ́ni, kò sì sùn nínú ọ̀kankan rí. Ní báyìí, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, èémí kò sì tó o mọ́. Dókítà ní ká jẹ́ kó ṣe ohun tó bá wù ú. Ohun tó wù ú ni kí àwa ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá a sùn nínú àgọ́ kan náà fún ọjọ́ méjì.

Àwa fẹ́ ra èyí tó kéré, tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe, tí ẹnì kan lè gbé kọ́ èjìká. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní inú ọ̀rá máa ń làágùn, omi á sì máa kán lé òun lórí, ṣùgbọ́n káńfáàsì ń gba atẹ́gùn. Ó ní òun kò sì ní fi orúnkún wọ ibi tí òun fẹ́ sùn. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú rírán kọ̀ọ̀kan, ó rún aṣọ náà lẹ́bàá etí láti gbọ́ bó ṣe ki tó, ó sì dá méjì àkọ́kọ́ padà. Ẹ̀kẹta, tó ga débi pé ẹ̀gbọ́n mi tó gùn jù lè nàró nínú rẹ̀, ni ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé, tó rẹ́rìn-ín, tó ní òun ti rí ilé. Ó ti pẹ́ tí a ti rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Èmi ni mo wọn ọ́n. Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Ẹ ti sọ fún wa pé ogún ẹsẹ̀ bàtà ni ìbú àyè kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ́ àgọ́ sílẹ̀ ní pálọ̀, aṣọ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlógún, ọkàn mi balẹ̀. Bàbá pè mí láti orí àga rẹ̀ pé láti èèkàn dé èèkàn ni wọ́n ń wọn àgọ́, kì í ṣe aṣọ nìkan. Mo ní mo ti gbọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni.

Ẹ̀ṣọ́ yín dé nígbà tí òpó àárín ti dúró, tí Bàbá sì ti wọlé jókòó. Kò bú wa. Ká ní ó bú wa ni, ǹ bá rí ẹni bínú sí. Ó na téèpù, ó fi òfin hàn wá, ó sì dúró tì wá títí a fi tú u. Àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣófo nígbà tí a dé, ó ṣì ṣófo nígbà tí a ń lọ.

 Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ọwọ́ òun kò mọ aṣọ mọ́, pé òun ló ṣi àgọ́ yàn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti la ẹnu láti sọ fún un pé èmi ni mo ṣi í wọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jẹ́ pé mo bi í bóyá ó ti lo oògùn rẹ̀ ni.

Akọ̀wé yín fi sùúrù ṣàlàyé fún mi lórí fóònù pé ìgbìmọ̀ nìkan ló lè yọ̀ǹda àyè ẹ̀gbẹ́, àti pé oṣù kẹsàn-án lẹ máa jókòó. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ọjọ́ tí dókítà dá fún wa kò dé oṣù kẹsàn-án.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má dúró de ìjókòó. Ẹ jẹ́ ká na okùn wa sórí koríko tí ẹnikẹ́ni kò lò, fún ọjọ́ méjì péré. Ìjìyà tó bá yẹ, ẹ fi jẹ mí. Agbára mi ti pin, mi ò sì mọ ẹni tí mo tún lè kọ̀wé sí.

Láàárọ̀ yìí, Bàbá bi mí bóyá ẹ ti fèsì. Mo ní ẹ ti gbà. Ó ti ní ká bá òun fá irùngbọ̀n, ó sì ti wọ bàtà.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dópin.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ìwọ̀nba ìrètí tó kù,
Àbíkẹ́yìn Aránṣọ-àgọ́,
Olùkọ́.